Orílẹ̀-èdè tó láyọ̀ jù láyé, kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣí kúrò níbẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹta bá ti ń lọ sópin, ìròyìn kan náà ló máa ń gba ìgboro: Fínlándì ló tún gba ipò kìíní nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó láyọ̀ jù láyé. Ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di 2025, ó ti di ìgbà kẹjọ léraléra. Ìròyìn náà kì í tutù tí ẹnìkan nínú wa á fi sọ ọ́ pé: "Ẹ ò rí i, àwọn yẹn kì í japa. Ta ló máa fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ nítorí pé ojú tiwa la fi ń wò ó. Nílé wa, bí ọmọ bá gbé báàgì, a ti mọ ohun tó ń lé e: iṣẹ́ ò sí, náírà ò níyì mọ́, iná ò tàn. Ẹni tí iná ń tàn nílé rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí ló wá fẹ́ lọ wá? Bí a bá pàdé ọmọ Fínlándì nílùú onílùú, a ó ní afẹ́ ló bá wá, tàbí kó jẹ́ olówó tó ń sá fún owó orí. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham ní London, ẹ̀rí ò jìnnà sí yín. Ní Albion Street ní Rotherhithe, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Fínlándì wà níbẹ̀. Torí àwọn atukọ̀ ni wọ́n ṣe dá ìjọ náà sílẹ̀, láyé ìgbà tí ọkọ̀ òkun ń kó pákó láti àríwá Yúróòpù wá sí èbúté Surrey Docks. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, 1958 ni wọ́n kọ́ ọ. Èbúté ti di ilé gbígbé àti ọjà ìgbàlódé, atukọ̀ ti lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ò kógbá sílé. Sauna wà nínú rẹ̀, yàrá gbígbóná tí wọ́n ti máa ń jókòó làágùn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó ń ta búrẹ́dì dúdú tí wọ́n fi ọkà rye ṣe. Bí Kérésìmesì bá ku díẹ̀, wọ́n á pàtẹ ọjà, èrò á sì wọ́ dé. Àwa tí ìyán àti ẹ̀fọ́ ń dá dúró lẹ́yìn ìsìn ní Old Kent Road, a mọ irú èrò bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (300,000) ọmọ onílùú Fínlándì ló ń gbé lókèèrè, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn tó wà nílé ò ju mílíọ̀nù 5.6 lọ. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn: ulkosuomalainen, ìyẹn ọmọ Fínlándì tó wà lóde. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn, Suomi-Seura, ti wà láti 1927. Láti 1997 sì ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní "ilé aṣòfin" àwọn ará òde. Kò lágbára àtiṣòfin o, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ láti kárí ayé máa ń rán aṣojú lọ síbẹ̀ láti lọ ka ẹ̀dùn ọkàn wọn sí ìjọba létí. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ kì í kúrò nílé, kí ló fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe?

Ibo wá ni àṣìṣe náà ti wọlé? Inú ọ̀rọ̀ náà, "ayọ̀," ni. Àjọ Gallup ló ń bi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn léèrè lọ́dún ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pa èsì ọdún mẹ́ta pọ̀. Ìbéèrè tó ń pinnu ipò náà ò ju ẹyọ kan lọ. Fojú inú wo àkàbà kan, òdo wà nísàlẹ̀, mẹ́wàá wà lókè. Òkè téńté ni ìgbésí ayé tó dáa jù tí ìwọ lè ní, ìsàlẹ̀ pátápátá ni èyí tó burú jù. Ìpele wo lo wà lónìí? Ó tán. Ìdáhùn àwọn ọmọ Fínlándì máa ń tó nǹkan bíi 7.7. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín lánàá kí wọ́n tó gba ipò yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n bóyá wọ́n jó. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mi ò ní pè é ní ayọ̀ rárá. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni mo máa pè é. Ẹni tó bá sì ti bá ọmọ Fínlándì jókòó rí á mọ̀ pé ó bá wọn mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn fúnra wọn ń fi ipò kìíní yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó gbé wọn gun orí àkàbà yẹn ni pé díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Láti 1948 ni gbogbo ọmọ iléèwé ti ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 1949, ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù tó lóyún ló ń gba àpótí aṣọ ọmọ tuntun lọ́wọ́ ìjọba, bó bá ti lọ fún àyẹ̀wò. Owó ilé ìtọ́jú ọmọdé ní ààlà tí kò lè kọjá, nǹkan bí 300 yúrò lóṣù fún ọmọ kan. Nǹkan wọ̀nyí ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò lè mú oòrùn ràn ní oṣù kejìlá, nígbà tí ojúmọ́ ò tó wákàtí mẹ́fà ní Helsinki, tí oòrùn ò sì ní yọ rárá fún nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ ní Utsjoki lókè lọ́hùn-ún. Wọn ò lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ohun tó kọ́ ò ti ní ju iléeṣẹ́ méjì lọ ní gbogbo ìlú. Wọn ò sì lè ní kí ọmọbìnrin má fẹ́ ará Jámánì. Ẹnìkan lè wà ní ìpele kẹjọ lórí àkàbà kó sì máa di ẹrù rẹ̀.

Apá tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwa jù ni pé Fínlándì fúnra rẹ̀ ti japa rí, ó sì japa dáadáa. Láàárín 1866 sí 1868, ìyàn mú níbẹ̀ débi pé àwọn èèyàn ń lọ èèpo igi mọ́ ìyẹ̀fun láti fi ṣe búrẹ́dì. Ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) ẹ̀mí tó bọ́. Láti ìgbà náà títí di 1930, àwọn tó lé ní 300,000 ló wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti agbègbè Pohjanmaa ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ilẹ̀ oko ò ti lè kárí gbogbo ọmọ inú ilé. Wọ́n lọ wa bàbà lábẹ́ ilẹ̀ ní Michigan, wọ́n lọ gégi nínú igbó Minnesota. Ní ìlú Hancock ní Michigan, wọ́n dá iléèwé sílẹ̀ ní 1896 tó wá di yunifásítì nígbà tó yá. 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tilẹ̀kùn. Àwọn míì tiẹ̀ dé Bràsíl: ní 1929, ọmọ Fínlándì kan tó ń jẹ́ Toivo Uuskallio kó àwọn èèyàn lọ sí Penedo ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro láti lọ gbé láìjẹ ẹran, lábẹ́ oòrùn. Oko náà ò já sí ohun tí wọ́n rò. Sauna tí wọ́n kọ́ ló gbayì, Penedo sì di ìlú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ títí dòní.

Àmọ́ Swídìn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Láti 1954 ni ọmọ orílẹ̀-èdè Nordic kan (ìyẹn àwọn ìlú àríwá Yúróòpù bíi Fínlándì àti Swídìn) ti lè lọ ṣiṣẹ́ ní òmíràn láìtọrọ ìwé àṣẹ. Ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ oko, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ti dàgbà, owó iṣẹ́ Swídìn sì fi púpọ̀ ju tilé lọ. Láàárín ìparí ogun àti àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ló kọjá lọ, nínú ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ò tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ní 1970 nìkan, nǹkan bí 40,000 ni, débi pé iye ará ilé dín kù. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ àti iléeṣẹ́ irin ló ń gbà wọ́n. Wọn ò sì fi ìlù pàdé wọn níbẹ̀: ọ̀mùtí, oníjà ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì kọ́ bí a ṣe ń panu mọ́ níléèwé kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ èdè tí ìyá wọn ń sọ. Ó di 2000 kí Swídìn tó gba èdè Fínlándì sínú àwọn èdè tí òfin ibẹ̀ ń dáàbò bò. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó lọ ló ti padà sílé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bàbá àgbàlagbà kan ní Tampere tó ní ìpele kẹjọ lòun wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Göteborg ní Swídìn ló ti kó owó ilé rẹ̀ jọ.

Ti owó orí tí wọ́n ń sọ yẹn, kò ṣàìní òótọ́ díẹ̀ nínú. Pọ́túgàl ṣe òfin kan ní 2009 tó jẹ́ kí àjèjì lè máa jẹ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ níbẹ̀ láìsan owó orí, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kan láti Fínlándì sì ṣí lọ. Ariwo ta nílé. Ìjọba Fínlándì fòpin sí àdéhùn owó orí pẹ̀lú Pọ́túgàl, láti 2019 sì ló ti ń gba owó tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ọmọ onílùú bá kó jáde, ìjọba ṣì lè kà á sí ẹni tó ń gbélé nínú ọ̀rọ̀ owó orí títí di ọdún kẹta lẹ́yìn ọdún tó lọ, àfi bó bá fi hàn pé kò sóhun pàtàkì tó so òun mọ́ ilé mọ́. Ó sì máa ń pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Kela, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́, bó bá ti lọ gbé ibòmíràn pátápátá. Ẹni tó ń sá fún owó orí ní láti mọ ìṣirò gan-an.

Àwọn tó pọ̀ jù lọ ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ sá fún. Iṣẹ́ ni, ìfẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ni, oòrùn ni. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn wó ní àwọn ọdún 1990, tí àwọn aláìríṣẹ́ ju mẹ́rìndínlógún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì wọn ń wá ọ̀nà àtilọ ṣiṣẹ́ lókèèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwọn tó ń wá ọ̀nà Fínlándì lọ́wọ́ báyìí: ní 2025, àìríṣẹ́ṣe níbẹ̀ tún wà lára èyí tó ga jù ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ayọ̀ ò ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds tó dá Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, California ló lọ ní 1997. Eliel Saarinen tó yàwòrán ibùdó ọkọ̀ ojú irin Helsinki kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1923, ọmọ rẹ̀ Eero ló sì wá yàwòrán ilé iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú TWA tó na apá bí ẹyẹ ní pápákọ̀ òfuurufú JFK. Àwọn arúgbó ní tiwọn gba Fuengirola lọ ní gúúsù Spéìn. Ládùúgbò Los Pacos níbẹ̀, èèyàn lè ra oúnjẹ, kó rí dókítà, kó gẹrun, láìsọ ju èdè Fínlándì lọ.

Bí ẹ bá wá fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ayé lókèèrè, ẹ̀rín á pa yín. Ìkíni ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ará Amẹ́ríkà á bèèrè pé báwo ni, ọmọ Fínlándì á dúró ro ìdáhùn, kó tó ronú tán onítọ̀hún ti lọ. (Mo máa ń rò ó bí yóò ṣe rí fún un ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń kí èèyàn kú ìjókòó, kú ìdúró, kú atẹ́gùn.) Ní London, òtútù inú ilé ni wọ́n ń ráhùn sí! Ẹni tó dàgbà síbi tí yìnyín ti ń bo ọ̀nà ń gbọ̀n nínú yàrá ará Gẹ̀ẹ́sì, torí gíláàsì mẹ́ta ni wọ́n ń tò lé ara wọn sójú fèrèsé nílé tiwọn. Owó ilé ìtọ́jú ọmọ ní London máa ń jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Ní Amẹ́ríkà, ohun tó ń rú wọn lójú ni pé wọn kì í sábàá jẹ́ kí ọmọ ọdún méje dá rìn lọ síléèwé, bẹ́ẹ̀ nílé, òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání.

Ọ̀rọ̀ èdè ló ń dùn wọ́n jù. Iléèwé ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Suomi-koulu wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ lè bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá á fi èdè Fínlándì bèèrè, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí?

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá, àyájọ́ òmìnira tí wọ́n gbà ní 1917, àṣà wọn ni láti tan àbẹ́là méjì sójú fèrèsé, kí wọ́n sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti wo bí ààrẹ ṣe ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sóhun míì tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń wò ó ní Fuengirola náà, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí sílẹ̀, tí wọ́n á máa bu ẹnu àtẹ́ lu aṣọ tí ìyàwó mínísítà wọ̀.