Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Se Ẹ̀wà Oníṣúgà ní Ìsàlẹ̀ Èkó Lọ́jọ́ Ẹtì Rere?

Bí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ frejon ni àwọn tó ń wá síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ oúnjẹ àti ìrìn ìtàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀wà ni frejon. Wọ́n á sè é, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi oje àgbọn àti ṣúgà rò ó títí yóò fi ki bí ògì gbígbóná. Ìyàlẹ́nu gbáà ni fún ẹni tí kò dàgbà sí Èkó. Àwọn ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ta ló gbé e wá?

Àwọn Àgùdà ni. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ra ara wọn padà, àwọn kan gba òmìnira lọ́nà mìíràn, wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi padà wá sílé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú dìde ogun ní ìlú Salvador, ní Bahia. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Brazil kò fojúure wò wọ́n: wọ́n pa nínú wọn, wọ́n na àwọn mìíràn lẹ́gba, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ń padà bọ̀ ti túbọ̀ ń pọ̀. Àwọn kan gúnlẹ̀ sí Ouidah, àwọn kan sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn kan sì wá sí Èkó. Àdúgbò tí àwọn ti Èkó tẹ̀dó sí là ń pè ní Pópó Àgùdà títí dòní: agbègbè Campos, òpópónà Bámgbóṣé àti Tokunboh. Bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀ àti alásè wà láàárín wọn, wọ́n sì kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn dání wá.

Kí ló wá kan Ẹtì Rere?

Ìjọ Àgùdà (Kátólíìkì) kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Ẹ̀wà àti ẹja ló kù tó lè yó èèyàn. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń se ẹ̀wà olóje àgbọn lọ́sẹ̀ mímọ́ yìí ní Salvador àti àwọn ìlú tó yí i ká. *Feijão de leite* ni wọ́n ń pè é, oje àgbọn wà níbẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìkòkò kan náà ló ń hó ní etí òkun méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ní Èkó, ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n á fi ẹja díndín tàbí ìgbín sí i, wọ́n á sì wọ́n gàrí lé e lórí. Ẹ má fojú kéré gàrí yẹn o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn òpìtàn sì ka àwọn tó ti Brazil bọ̀ mọ́ àwọn tó tan gàrí ká ilẹ̀ wa.

Ṣé Kristẹni nìkan ló ń jẹ ẹ́?

Rárá. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn Àgùdà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kọ́lékọ́lé wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, abọ́ frejon máa ń ti ilé ọmọ ìjọ Àgùdà bọ́ sí ilé Mùsùlùmí, bí ẹran iléyá ṣe máa ń padà wá bó bá yá.

Kí ló dé tí tèmi fi máa ń ní kókó, tó sì máa ń jó nídìí?

Ìkánjú ni. Ẹ̀wà dúdú tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀wà ìbejì ló dára jù fún un. Bí kò bá sí, oloyin náà ṣe é lò. Ẹ sè é títí tí yóò fi fọ́ bí ẹ bá fìka méjì tẹ̀ ẹ́, láìsí èyí tó ṣì le nínú rẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ibi sísẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Èèpo gbọ́dọ̀ dúró sínú asẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi tán.

Ẹ rin àgbọn, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ fún un. Oje àkọ́fún tó ki yẹn, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbẹ̀yìn ló máa wọ ìkòkò. Oje kejì ni kí ẹ fi po ẹ̀wà náà. Ẹ gbé e ka iná tí kò le, ẹ ju kànáfùrù díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Ṣúgà kò gbọdọ̀ tètè wọ̀ ọ́, òun ló ń mú kó jó. Bí ó bá ti ń já púlọ́púlọ́ tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọmọrogùn, ó ti jinná.

Ẹ ò ṣe kúkú kọ́ wa ní ìdáná nìkan? Kí ni ti ìrìn kiri?

Nítorí pé bíríkìlà tó kọ́ àwọn ilé yẹn àti ìyá tó ro frejon, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá ti rí Ilé Olómi (Water House) ti ìdílé da Rocha, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, ní òpópónà Kakawa, bí ẹ bá rí fèrèsé rẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà símẹ́ńtì ara rẹ̀, ẹ ó mọ irú èèyàn tó jókòó ti abọ́ náà.

Ìdí kejì sì dùn mí. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ Ilojo Bar, ilé aláràbarà Brazil kan, sí ojúde Tinúbú. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin kò gbà á là. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé, ká ní ọmọ Èkó tó pọ̀ ti gba iwájú ilé náà kọjá pẹ̀lú ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀, ariwo ì bá ti ta kí katapílà tó débẹ̀.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè ní Oníkan dára fún ìbẹ̀rẹ̀, Ojúkò Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ti John Randle sì wà nítòsí rẹ̀. Ní Broad Street, Freedom Park, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, máa ń gba àlejò eré àti oúnjẹ. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 náà ń jà fún àwọn ilé àtijọ́.

Fún frejon gan-an, ilé ìdáná àwọn ìyá àgbà ní Pópó Àgùdà ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó sanwó fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣètò rẹ̀: èló ló ń kan ìyá tó ń kọ́ni? Bí ó bá ní "a máa fún wọn ní nǹkan," ẹ wá ibòmíràn lọ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, owó iṣẹ́ ló yẹ wọ́n. Bí ẹ bá sì rí ibi tó tọ́, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ti débẹ̀. Ẹni tó bá dé ní àárọ̀ Ẹtì yóò jẹun, ṣùgbọ́n kò ní rí bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ.