Bí Káséètì Géèmù Àtijọ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ẹ̀rọ Tuntun

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kàbbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, bí wọ́n bá tú àpótí abẹ́ ibùsùn, káséètì géèmù kan tàbí méjì lè jáde níbẹ̀. Pílásítíìkì aláwọ̀ ìyeyè ni, bébà iwájú rẹ̀ ti ń ṣí, wọ́n kọ "99999 in 1" sí i lára, eyín kéékèèké tó tò sí ẹnu rẹ̀ sì ti ṣú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta géèmù náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ tuntun ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ṣe fún géèmù àtijọ́ gan-an. Inú gbogbo ilé dùn, àfi ìgbà tí wọ́n ki káséètì bọ̀ ọ́ tí kò wọlé.

Adápítà ni wọ́n máa ń wá nígbà náà. Ẹnu kan wà lókè rẹ̀ tó ń gba káséètì, eyín wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí gbogbo rẹ̀ bá ti lè wọ inú ara wọn, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń fi káséètì ṣe lẹ́yìn tó bá wọlé tán ló ń pinnu bóyá géèmù á jáde lójú tẹlifíṣọ̀n.

Káséètì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àmọ́ kò sí téèpù kankan nínú rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó ṣíìpù mẹ́mọ́rì mọ́, inú ṣíìpù náà sì ni géèmù wà. Eyín ẹnu rẹ̀ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: àwọn kan ń gba iná wọlé, àwọn kan ń gba ìbéèrè, àwọn kan ń gbé èsì jáde. Ẹ̀rọ á béèrè pé, "Kí ló wà ní ojúlé báyìí?" Ṣíìpù á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Nínú Famicom, ẹ̀rọ géèmù tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983, wáyà 15 ló ń gbé nọ́ńbà ojúlé lọ sí ibi tí ètò géèmù wà, ìyẹn ojúlé 32,768. Wáyà 8 ló ń gbé èsì bọ̀. Ìbéèrè àti ìdáhùn yìí ń lọ ju ìgbà mílíọ̀nù kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eyín kan ṣoṣo dọ̀tí, èsì yí padà, àwòrán fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí kí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn.

Géèmù tó bá tóbi ju ojúlé wọ̀nyẹn lọ ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe káséètì fi ṣíìpù mìíràn sí i, tí wọ́n ń pè ní mapper. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn: nọ́ńbà ojúlé kò yí padà, àmọ́ ó lè ti yàrá kan, kó ṣí òmíràn sí ojúlé kan náà. Mapper yìí ló ń jẹ́ kí káséètì kan gba ọgọ́rùn-ún géèmù. Òun náà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ eyín ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú. Eyín 60 ni káséètì Famicom ní. Nígbà tí Nintendo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n sọ ọ́ ní NES, wọ́n sì sọ eyín rẹ̀ di 72. Nǹkan bíi méjìdínlọ́gọ́ta nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Méjì tó kù lára Famicom wà fún ohùn. Nínú 14 tó kù lára NES, 10 lọ sí ihò kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lò, 4 sì jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́. Famicom ni àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi dàgbà, ń fara wé, kì í ṣe NES. Ìdí nìyí tí káséètì abẹ́ ibùsùn fi sábà máa ń jẹ́ eyín 60, nígbà tí ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá ń retí 72. Kí ènìyàn tó sanwó adápítà, kó ka eyín: 30 níwájú, 30 lẹ́yìn, tàbí 36 níwájú, 36 lẹ́yìn. Adápítà "60 sí 72" yàtọ̀ pátápátá sí "72 sí 60", àwọn tó ń tà á kì í sì í fi gbogbo ìgbà mọ̀ ọ́n.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Nínú NES ojúlówó, ṣíìpù kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́dẹ. Irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú káséètì pẹ̀lú, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ọlọ́dẹ kò bá gbọ́ èsì, á máa pa ẹ̀rọ, á máa tún un tàn, ní bí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, iná iwájú á máa ṣẹ́jú. Káséètì Famicom kò ní ṣíìpù yìí, nítorí náà adápítà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e dání. Nintendo pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: nínú díẹ̀ lára káséètì NES àkọ́kọ́, bíi Gyromite, pátákó Famicom ni wọ́n fi sórí adápítà kékeré kan, tí wọ́n sì dé ìkarahun NES lé wọn lórí. Àwọn ènìyàn tú Gyromite nítorí adápítà inú rẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ àfarawé kò ní ọlọ́dẹ, nítorí náà adápítà tó jẹ́ wáyà lásán tó fún un.

Ohùn ló máa ń da atúnṣe láàmú jù. Ẹnì kan gbé káséètì NES wá, ó ki í bọ adápítà, ó ki í sínú ẹ̀rọ eyín 60. Àwòrán jáde dáadáa, Mario ń fò, àmọ́ kò sí ohùn rárá. Atúnṣe yẹ wáyà tẹlifíṣọ̀n wò, ó tú ẹ̀rọ, ó jó lẹ́ẹ̀dì sí ibi tí kò bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ adápítà lẹ̀bi wà. Nínú Famicom, ohùn kì í ti inú ẹ̀rọ lọ tààrà sí tẹlifíṣọ̀n. Eyín 45 ló ń gbé e wọ inú káséètì, eyín 46 ló ń gbé e padà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí káséètì lè fi orin tirẹ̀ kún un, bí ilé iṣẹ́ géèmù Konami ṣe fi ṣíìpù VRC6 ṣe. Nínú káséètì lásán, ńṣe ni wọ́n so 45 àti 46 pọ̀. Káséètì NES kò ní eyín méjèèjì yìí, nítorí náà adápítà ló yẹ kó so wọ́n pọ̀. Bí ẹni tó ṣe adápítà bá gbàgbé, ohùn wọlé sí 45, kò rí ọ̀nà jáde. Wáyà tí kò gùn tó èékánná, ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì méjì, ohùn dé.

Títí dé ibí, wáyà ni adápítà ń tò. Bí ìgbà tí ọmọ Yàgbà àti ọmọ Owé pàdé ní ọjà Kàbbà ló rí: ẹnu wọn yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ "okun" kan náà ni wọ́n fi ń kí ara wọn, wọ́n sì ń gbọ́ra wọn yé. Power Base Converter tí ilé iṣẹ́ Sega ṣe kí káséètì Master System, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ àtijọ́, lè ṣiṣẹ́ nínú Mega Drive, ẹ̀rọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, náà wà nínú irú yìí. Mega Drive ti ní Z80, ìyẹn ọpọlọ Master System, nínú ara rẹ̀, ṣíìpù àwòrán rẹ̀ sì mọ ìṣe ti àtijọ́. Káséètì Game Boy, ẹ̀rọ àfọwọ́mú Nintendo, lórí Super Nintendo, ẹ̀rọ wọn tó ń lo tẹlifíṣọ̀n, kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè mìíràn pátápátá ni, bí ìgbà tí ará Kàbbà bá dé Òkéné láàárín àwọn Ebira tí kò gbọ́ èdè wọn. Ògbufọ̀ ló kù. Nítorí náà ni Super Game Boy ti 1994 fi gbé ọpọlọ Game Boy odindi dání. Super Nintendo kàn ń fún un ní iná, ó ń gba àṣẹ ọwọ́, ó ń fi àwòrán hàn.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun wá pín sí oríṣi méjì, ibí yìí ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà ti fara balẹ̀. Oríṣi kan ń ṣe àdàkọ. RetroN 5 tí Hyperkin gbé jáde ní 2014 irú rẹ̀ ni: bí káséètì bá ti wọlé, ó da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sínú mẹ́mọ́rì ara rẹ̀, emulator, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́, sì ń ta géèmù láti ibẹ̀. Oríṣi kejì ń bá káséètì sọ̀rọ̀ lójúkojú, ojúlé dé ojúlé, bíi ti àtijọ́. Àwọn tó wọ́n nínú wọn, bíi Analogue Pocket ti 2021, ń lo FPGA, ṣíìpù tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó títí wọn á fi fún un ní ètò bí inú rẹ̀ yóò ṣe so pọ̀. Fún un ní ètò Game Gear, ẹ̀rọ àfọwọ́mú Sega, ó di Game Gear. Adápítà Game Gear tí wọ́n ń tà fún Pocket kò nílò láti jẹ́ ògbufọ̀ mọ́.

Ẹni tó ń ṣe àdàkọ gbọ́dọ̀ mọ mapper inú káséètì kó tó lè dé gbogbo yàrá. Ti ilé iṣẹ́ ńlá, ó mọ̀ ọ́n. Ti "99999 in 1" tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, kò mọ̀ ọ́n: á da yàrá tó kọ́kọ́ rí kọ, orúkọ géèmù á tò jáde, bí ènìyàn bá yan ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Nítorí èyí, fún irú káséètì tó pọ̀ nílé wa, ẹ̀rọ àfarawé kékeré tó ń ka káséètì lójúkojú dára ju adàwékọ olówó ńlá lọ.

Iná náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Fóòtì 5 ni káséètì Famicom ń lò, àmọ́ fóòtì 3.3 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣíìpù tuntun ń fẹ́, nítorí náà ṣíìpù kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó ń rẹ iná sílẹ̀, tó sì ń gbé e sókè. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà àtijọ́ sì ń retí fóòtì 120 láti ara ògiri. Bí wọ́n bá ki í bọ iná ilé wa tó jẹ́ 230, èéfín ni.

Kí wọ́n tó dá adápítà lẹ́bi, kí wọ́n wo eyín. Eruku ọyẹ́ ń wọ ibi gbogbo, adápítà sì sọ ẹnu kan di méjì. Fífẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kò dára, itọ́ inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí eyín dípẹtà. Òwú àti spírítì láti ilé kẹ́místì ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Kí ẹ̀rọ wà ní pípa. Kí káséètì kọ́kọ́ wọ inú adápítà lóde, kí wọ́n tó ki àwọn méjèèjì bọ inú ẹ̀rọ pọ̀. Kí wọ́n sì wo ibi tí ojú káséètì yẹ kó kọ sí: 30 ni iwájú, 30 ni ẹ̀yìn, bó bá dojú kọ ẹ̀yìn, nínú ọ̀pọ̀ adápítà, á ṣì wọlé wẹ́rẹ́.