Bí Ìwé Kíkà Ṣe Ń Di Fàájì Tó Ń Bá Èèyàn Dàgbà

Ihò 12 lè pé lórí ọpọ́n, ọmọ ayò 48 lè pé, bí kò bá sí ẹni tí wọn yóò jọ ta á, eré ò sí. Bọ́ọ̀lù ń fẹ́ orúnkún tó ṣì le. Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde, ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, owó aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, ń dá fún un kì í sì í ṣe kékeré. (Ìjẹ̀bú kì í ka owó tó bá bá àríyá lọ sí òfò.) Ìwé ò béèrè ìkankan nínú wọn. Sùúrù ìbẹ̀rẹ̀ ló ń béèrè, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń sá.

A kì í bí ìwé kíkà mọ́ èèyàn. Ọmọ Ṣágámù tí wọ́n ń sọ Rẹ́mọ sí létí nílé á sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Àmọ́ nǹkan bí 5,000 ọdún péré lọmọ aráyé ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, nítorí náà ọpọlọ ò ní ibi tó yà sọ́tọ̀ fún un látilẹ̀wá. Ṣe ló ń yá lára apá tó fi ń dá ohun tójú rí mọ̀, tó ń so ó mọ́ apá tó fi ń gbọ́ èdè. Lílò ló ń mú kí ìsopọ̀ náà le.

Fífò lojú ń fò lórí ìlà, á dúró díẹ̀, á tún fò. Ìgbà tó bá dúró ló ń rí ọ̀rọ̀. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ń dúró ṣáá, ó sì ń padà sẹ́yìn. Bó bá pẹ́ nídìí rẹ̀, ọpọlọ á bọ́ lọ́wọ́ wàhálà lẹ́tà, á ráyè fún ìtàn. Adùn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i ń dá ojú padà sẹ́yìn lásán ni.

Ohun téèyàn ti kà ló sì ń tan iná sí èyí tó ń kà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé tìtorí ọ̀nà òwò ni Gẹ̀ẹ́sì fi gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn ní 1892, bó bá kan ìwé lórí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí tí Ìbàdàn fi ń wá bí ìbọn ṣe máa gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé ọ̀dọ̀ wọn. Fíìmù ò fi bẹ́ẹ̀ ní irú èrè yìí.

Àgbà tó mọ̀wé kà dáadáa lè ka ọ̀rọ̀ 200 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń ka ìwé fún ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, 4,000 nìyẹn. Ìwé olójú-ewé 300, tí ọ̀rọ̀ 250 wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, á parí lọ́jọ́ 19. Ọkọ̀ Èkó lè pẹ́ ju ogún ìṣẹ́jú yẹn lọ ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde kó tó kún.

Lẹ́yìn ogójì ọdún, lẹ́tà kékeré á máa ṣe bàìbàì, ọwọ́ tó di ìwé mú á máa nà síwájú. Gíláàsì ló ń yanjú ìyẹn. Ẹni tí gíláàsì ò ràn lọ́wọ́ lè máa gbọ́ ìwé tí wọ́n kà sórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Yorùbá ò tíì pọ̀ tó.