Ìkìlọ̀ h1 tí Chrome ń gbé jáde: ṣé ó yẹ kí ẹ̀rù bà yín?

Láti 2025 ni Chrome ti ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì pé h1 kan (àkọlé ìpele àkọ́kọ́, h2 ló tẹ̀ lé e, h3 tẹ̀ lé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) wà nínú section tàbí article (kóòdù tó ń pín ojú-ìwé sí apá-apá), tí wọn ò sọ bó ṣe máa tóbi tó. Ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ṣé sáìtì mi ti bàjẹ́ ni?
Rárá o.

Kí ló wá yí padà?
Tẹ́lẹ̀, tí h1 bá wà nínú section, búráúsà á dín in kù, á wá rí bíi h2, torí àwọn tó ṣe HTML5 (èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú-ìwé wẹ́bùsáìtì) ní in lọ́kàn pé búráúsà ló máa máa ṣírò ìpele àkọlé fúnra ẹ̀. Búráúsà kankan ò ṣe ìṣirò yẹn délẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà HTML ní 2022. Kíkéré ojú lásán ló ṣẹ́ kù, òun náà ni wọ́n ń yọ báyìí.

Kí ló wá kan afọ́jú nínú bí lẹ́tà ṣe tóbi tó?
Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ìpele àkọlé ló kan án, kì í ṣe bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Ẹni tó ń ríran á kàn sáré wo òkè wo ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ á ti bá ohun tó ń wá, àmọ́ ẹni tí kò ríran, ètò kọ̀ǹpútà bíi NVDA tàbí JAWS ló ń bá a ka ojú-ìwé sókè, kò sì lè jókòó gbọ́ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀ torí pé ó fẹ́ mọ iye owó họ́sítẹ́ẹ̀lì. H ló máa tẹ̀, ẹ̀rọ á gbé e lọ sórí àkọlé tó kàn, á sì sọ ìpele ẹ̀ fún un. Tó bá tẹ 2, h2 nìkan ló máa máa bọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé bold lẹ fi ṣe “Owó ilé-ìwé”, kò sí àkọlé kankan níbẹ̀ létí tiẹ̀, á kọjá lọ ni.

Tí mo bá fo láti h2 bọ́ sí h4 ńkọ́?
WCAG (ìlànà tó ń sọ bí wẹ́bùsáìtì ṣe máa rọrùn fún àwọn tó ní àìlera) ò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe é, torí ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa wá h3 tí kò sí. Láti h4 padà sí h2 tí ọ̀rọ̀ tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dáa.

Ṣé h1 kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà?
Kò pọn dandan, àmọ́ ọ̀kan tó sọ ohun tí ojú-ìwé náà dá lé ló dáa jù.

Kí ni kí n ṣe báyìí?
Ẹ fi CSS (kóòdù tó ń sọ bí ojú-ìwé ṣe máa rí) sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí h1 tóbi tó, ìkìlọ̀ yẹn á lọ. Ẹ má mú h4 torí pé ó wù yín lójú, àkọlé tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí lábẹ́ ẹ̀ ni kí ẹ fi mú ìpele. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ẹ gbé e sórí Windows yín, ẹ dijú, ẹ máa tẹ H. Tí ẹ ò bá rí ibi tí owó wà, afọ́jú tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ yín náà ò rí i.