Ìtọ́jú títì, ẹ má pè é ní àtúnṣe mọ́

Ní ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin dá àjọ FERMA (Federal Roads Maintenance Agency) sílẹ̀. Lẹ́tà M tó wà nínú orúkọ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí òun ni àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń sọ nù lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ pe àjọ náà ní Yorùbá, wọ́n á ní "àjọ tó ń ṣàtúnṣe títì". Àtúnṣe kọ́ ni M yẹn, ìtọ́jú ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n èdè pàápàá, wọ́n á sì ní kò sí ìyàtọ̀, pé ohun kan náà ni aráàlú ń gbọ́. Irọ́ ni. Ohun tí aráàlú ń gbọ́ nínú àtúnṣe ni pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n sì fẹ́ wá tún un ṣe. Kò sí ẹni tó ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó bá wá sọ iṣẹ́ àjọ kan ní àtúnṣe, ó ti fún un láyè láti káwọ́ gbera títí títì á fi di kòtò, aráàlú náà kò sì ní rí ohun tí wọ́n á bi í.

Ìtọ́jú ní tirẹ̀ kì í dúró de ìbàjẹ́. Ọjọ́ tí gómìnà gé ríbọ́nù lórí títì tuntun, ọjọ́ náà ni ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n gbà pé àtúnṣe kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n mú wá dípò rẹ̀ kò sàn. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn "méńtẹ́náǹsì". Kí ni ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ létí títì máa fi méńtẹ́náǹsì ṣe? Ọ̀rọ̀ tí kò ní gbòǹgbò létí ẹni kì í jẹ́ kéèyàn bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní "àmójútó", mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọwọ́. Ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ lè jókòó sínú ọkọ̀ kó máa wò ó láti ojú fèrèsé. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ "ìmúdúró títì" sínú ìwé ìléwọ́ kan tí mo rí. Kí ẹni tó gbọ́ ìmúdúró títì má rò pé wọ́n fẹ́ dá ọkọ̀ dúró ni!

Àtakò kan ṣoṣo tó tó dá lóhùn ni ti àwọn tó ní ìtọ́jú jẹ mọ́ ẹni tó ní ẹ̀mí, pé aláìsàn là ń tọ́jú, pé ọmọ là ń tọ́jú. Ó yé mi ibi tí wọ́n ti rí i, nítorí ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dún jù lóde òní. Ṣùgbọ́n Yorùbá ń tọ́jú owó, ó ń tọ́jú ilé, ó ń tọ́jú irun, awakọ̀ ń tọ́jú mọ́tò rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: "Mọ́tò yìí ti pẹ́, àmọ́ olówó ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀." Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí tó máa rò pé mọ́tò náà ṣàìsàn. Ohun tó yé gbogbo wa ni pé ẹni tó ni ín ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó ń bu omi sí i, kò jẹ́ kó kú sójú ọ̀nà kó tó pe mẹkáníìkì. Ohun tí M inú FERMA ń sọ náà nìyẹn, kò fi ibì kankan yàtọ̀.

Ó wá ku kí n sọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dà dúdú ojú títì ni títì. Ẹ wo ilé tí wọ́n fi páànù bò. Páànù kọ́ ló gbé ilé dúró, ògiri àti ìpìlẹ̀ ni. Iṣẹ́ páànù ni kí omi má wọlé. Jẹ́ kí ìṣó kan ṣoṣo tú lórí páànù yẹn. Bí onílé bá gun òkè lọ́sẹ̀ náà, tó fi ọ̀dà díẹ̀ dí ojú ìṣó, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá gun òkè, òjò àkọ́kọ́ á ta àbàwọ́n sí àjà, òjò ọdún kejì á rin igi, ikán á débẹ̀, àjà á jábọ́, omi á máa ṣàn lára ògiri. Nígbà tí wọ́n bá fi pe káfíńtà, gbogbo òrùlé ni yóò ṣí, bẹ́ẹ̀ ìṣó kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dà ojú títì ni páànù. Lórí ọ̀pọ̀ títì àdúgbò, kì í ju sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 lọ ní nínípọn. Ilé gan-an ni òkúta àti yangí tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ló ń gbé ẹrù mọ́tò. Yangí gbígbẹ le bí wọ́n ṣe fẹ́ kó le, ṣùgbọ́n tí omi bá ti mu ún yó, ẹrẹ̀ ni.

(Àwọn kan á ní ọ̀dà tó wá láti ara èédú yàtọ̀ sí èyí tó wá láti ara epo rọ̀bì. Ọ̀dà ni mo pe gbogbo wọn níhìn-ín, àti ògidì rẹ̀ àti èyí tí wọ́n po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́. Kò sí èyí tó yí ohun tí mò ń sọ padà.)

Ọ̀nà méjì ni omi ń gbà wọlé. Èkínní, láti òkè: oòrùn àti afẹ́fẹ́ á mú ọ̀dà le díẹ̀díẹ̀, táyà á sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, títí yóò fi sán. Ó lè kọ́kọ́ jẹ́ ìlà kan tí ó tín-ín-rín bí òwú, ìlà yẹn á bí òmíràn, wọ́n á wọnú ara wọn títí ojú títì á fi pín sí kéékèèké. Èkejì, láti ẹ̀gbẹ́: gọ́tà tó dí. Ẹni tó ṣe títì dáadáa á gbé àárín rẹ̀ ga ju etí lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi òjò lè sáré lọ sínú gọ́tà. Tí yanrìn àti ọ̀rá píọ́wọ́tà bá ti kún gọ́tà, omi á padà wá jókòó sétí títì, á sì máa rin wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ wo títì tó ti sán lẹ́yìn òjò, ẹ máa rí àbàwọ́n pupa lẹ́bàá àwọn ìlà náà. Yangí abẹ́ títì nìyẹn. Bí táyà bá ṣe gorí ibẹ̀, á tẹ omi tó wà nísàlẹ̀, omi á gba ojú ìlà jáde, á sì gbé erùpẹ̀ kíkúnná dání. Nígbà tí kòtò bá máa fi hàn lójú, abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Ibi tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú gọ́tà, kì í ṣe lórí títì. Àwọn àgbà wa mọ èyí nígbà PWD (Public Works Department), iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí títì láyé àtijọ́, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ibùdókọ̀ kan ní ọ̀nà mọ́tò Agége títí dòní. Lébìrà PWD máa ń ro ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á kó gọ́tà, wọ́n á da òkúta sí ibi tó bá ti jìn, lórí apá ọ̀nà tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wọn. Ṣọ́bìrì àti àdá ni ohun èlò wọn. Lẹ́yìn gọ́tà ló kan kí wọ́n da ọ̀dà gbígbóná sójú ìlà kó tó fẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹ̀rọ á họ ojú títì tó ti gbó, wọ́n á tẹ́ tuntun lé e nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì dára. Wọ́n pín gbogbo èyí sí ìsọ̀rí oríṣiríṣi nínú ìwé, ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀ lójú tèmi.

Bí ìtọ́jú bá kùnà tí kòtò dé, àtúnṣe di dandan, n kò sì bá a jà lórí ibi tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ àtúnṣe. Yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń dà sí kòtò kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, dídí kòtò nìyẹn. Òjò kan ṣoṣo ló máa gbé e lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ sọ kòtò náà di ńlá sí i. Á fi ẹ̀rọ gé e ní igun mẹ́rin dé ibi tí ọ̀dà ti le, etí rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Á kó erùpẹ̀ tútù tó wà nísàlẹ̀ kúrò, á fi òkúta gbígbẹ rọ́pò rẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́. Á gbá eruku, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà olómi sí ìsàlẹ̀ àti etí rẹ̀ yíká. Ọ̀dà olómi yìí máa ń pọ́n bíi kòkó tí wọ́n bá kọ́kọ́ kùn ún. Oníṣẹ́ gidi á dúró kó dúdú, nítorí ìgbà yẹn ni omi inú rẹ̀ kúrò tó sì lè mú nǹkan. Ìgbà náà ni wọ́n á bu ọ̀dà gbígbóná sí i. Ní nǹkan bí 150 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n ń pò ó nílé iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dé abẹ́ rólà kó tó lọ sísàlẹ̀ tó 80. Tí ọkọ̀ tó gbé e bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀dà tó tutù ni wọ́n á tẹ́, kò ní lẹ̀ mọ́ra, omi á sì tún ráàyè wọ inú rẹ̀. Mo ti rí i kí wọ́n bu ọ̀dà sínú kòtò tí omi ṣì wà níbẹ̀. N kò mọ orúkọ tí mo lè pe ìyẹn.

Ẹ̀yin oníròyìn náà, ẹ jọ̀ọ́, kòtò ni kòtò. Ọ̀gbun jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, ẹ fi pamọ́ fún ibi tí omi ti já títì sí méjì. Bí ẹ bá ń pe ihò tí abọ́ kan lè bò ní ọ̀gbun, kò ní sí ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu yín lọ́jọ́ tí ọ̀gbun bá dé. Gálọ́ọ̀pù tí àwọn awakọ̀ ń pè é kò bí mi nínú, ọ̀rọ̀ wọn ni, ó sì ti di Yorùbá lẹ́nu wọn.

Ẹrù tó pọ̀jù ń ba títì jẹ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Láàárín 1958 sí 1960, ní Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe títì kan fún ìdánwò, wọ́n ní kí àwọn sójà máa wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù yí i ká. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé bí ẹrù tó wà lórí ẹsẹ̀ mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì á di bí ìlọ́po 16. Nítorí náà, ẹni tó ń bínú pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ ní àdúgbò òun ń bínú sí ohun tí kò ṣe é. Tírélà kan tó kó sìmẹ́ǹtì kọjá àlà ni kó máa wò. Dísù tó ń jò lára táńkà tó dúró sójú kan ń yọ́ ọ̀dà, nítorí láti inú epo rọ̀bì kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Onílé tó gé títì láti fa páìpù omi, tó wá fi yanrìn bò ó, ti ṣí páànù sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Bọ́ǹpù tí ènìyàn dá mọ sójú títì láìfi àyè sílẹ̀ fún omi ń ṣe bákan náà.

Nígbà tí wọ́n ti apá kan afárá Third Mainland pa láti oṣù keje 2020 di oṣù kejì 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè pé kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí "àtúnṣe afárá" ni wọ́n ń gbọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Afárá náà kò wó. Láti 1990 tí wọ́n ti ṣí i ni ó ti ń gbé ọkọ̀, àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ kó lè nà kó sì súnkì sì ti gbó, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn kó tó di ìjàǹbá. Bí wọ́n bá ti pè é ní ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì ìbẹ̀rù yẹn kì bá tí wáyé.

Ẹni tó bá ṣì ń bá mi jiyàn, kó ka Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ṣíṣe títì àti ìtọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú iná ojú títì àti gọ́tà, gbogbo wọn ní ojú ìlà kan náà. Àtúnṣe kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín lórí títì àdúgbò, ẹ má dúró de kòtò. Ẹ kọ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ìtọ́jú gọ́tà lẹ ń bèèrè.