Kemi di olórí páàtì n'Ílùú Ọba, kí ló wá kàn wá níbẹ̀?

Ṣé kì í ṣe ayọ̀ ni pé ọmọ wa dé ipò yẹn ni?

Ayọ̀ ni o, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde Kemi Badenoch bí olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative, 2 November 2024, kí n tó jẹun ọ̀sán tán, àwòrán ẹ̀ ti kún WhatsApp ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní "ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Wimbledon ní London ni wọ́n bí i sí ní 1980, Èkó ló ti dàgbà, ó pé 16 kó tó padà sọ́hùn-ún, òun sì laláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa darí páàtì ńlá níbẹ̀. Kékeré kọ́. Mo kàn bi wọ́n pé ta ló ra ìlẹ̀kẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ta ló rà á?

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Conservative. 53,806 nínú wọn dìbò fún un, 41,388 dìbò fún Robert Jenrick tí wọ́n jọ du ipò náà, ó tán. Àwọn ará Peckham, àdúgbò táwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní London, kọ́ ló yàn án, Essex lọ́hùn-ún ló ń ṣojú fún nílé aṣòfin, òyìnbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tó bá jí láàárọ̀ tó ń ro ẹni tóun ò gbọdọ̀ já kulẹ̀, àwọn 53,806 yẹn ló máa rántí. Mi ò tiẹ̀ bá a wí, lọ́jọ́ kejì tó wọlé ló ti sọ ọ́ lórí BBC pé òun ò fẹ́ kí àwọ̀ ara já mọ́ nǹkan ju àwọ̀ irun tàbí ti ẹyinjú lọ. Àwa là ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣebí ẹni tó jọ wá á mọ ìyà tó ń jẹ wá?

Ó lè mọ̀ ọ́n kó má ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ wo ìgbà tí Rishi Sunak ti Conservative ń ṣolórí ìjọba, ọmọ ará Íńdíà tí wọ́n bí àwọn òbí ẹ̀ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, James Cleverly ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹ̀, tí ìyá tiẹ̀ ti Sierra Leone wá ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí níbẹ̀, Kemi náà wà láàárín àwọn mínísítà. Ìjọba yìí ló kéde ní December 2023 pé ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó ò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 11 March 2024. Ọmọ àǹtí mi kan gba fisà yẹn ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Tó bá ń fọ abọ́ lálẹ́, á gbé fóònù ti ẹ̀gbẹ́ síńkì kí ọmọ ẹ̀ tó fi sílẹ̀ n'Íbàdàn lè máa rí i, ìgbà míì ọmọ á ti sùn lọ, òun á ṣì máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ wá lọ sọ fún un pé àwọn tó tilẹ̀kùn yẹn jọ ọ́.

Ṣé òyìnbó ló wá sàn jù ni?

Háà, rárá. Ní February 2025, Kemi ní kí àlejò máa dúró ọdún 10 dípò 5 kó tó gba ìwé ìgbélùú, nígbà tó máa fi di May, ìjọba Keir Starmer ti ẹgbẹ́ Labour, òyìnbó pọ́ńbélé, ní 10 náà làwọn fẹ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣòfin 1968 tó ní wọn ò gbọdọ̀ torí àwọ̀ fi ilé tàbí iṣẹ́ du èèyàn, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nílé aṣojú-ṣòfin. Àwọn tó ti ń fa wàhálà láti ìsàlẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe, irú àwọn tó ní àwọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́ ní Bristol lọ́dún 1963, torí pé iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ò fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú ṣe dírẹ́bà, oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi bá wọn fà á kí wọ́n tó gbà.

Àwòrán ò wúlò rárá nìyẹn?

Ó wúlò. Ní 1987 tí Bernie Grant, aláwọ̀ dúdú, wọlé ìbò aṣòfin fún Tottenham ní London, aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ló wọ̀ lọ síbi ìṣíde ilé aṣòfin. Àwòrán ni, àbí? Ṣùgbọ́n kó tó wọ̀ ọ́ ló ti ń gbẹnu sọ fáwọn aláwọ̀ dúdú àdúgbò ẹ̀ lórí ìyà táwọn ọlọ́pàá fi ń jẹ wọ́n, àwọn yẹn náà ló sì rán an lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ka gbogbo èyí tán, ó ní òun ti gbọ́, àwòrán Kemi ò sì kúrò lórí status òun.