Bí Ijó Abúlé Filipínì Ṣe Ń Di Ijó Orí Ìtàgé

Ọparun gígùn méjì ni wọ́n fi ń jó tinikling, ijó tó ti erékùṣù Leyte wá. Wọ́n á gbé ọparun lé orí igi méjì tó dábùú sílẹ̀, ẹnì kan á kúnlẹ̀ níhìn-ín, ẹnì kejì lọ́hùn-ún, wọ́n á di orí ọparun náà mú. Kíkà rẹ̀ kò ju ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Ní ení, wọ́n á pa ọparun méjèèjì pọ̀, á dún gbà! Ní èjì àti ẹ̀ta, wọ́n á yà wọ́n, wọ́n á fi wọ́n lu igi ìsàlẹ̀: kó, kó. Ìgbà tí ọparun bá yà ni ẹsẹ̀ oníjó ń bọ́ sí àárín, kí gbà! tó tún dún, ẹsẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà níta. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó ń jẹ́ tikling, tó máa ń rọra gbẹ́sẹ̀ láàárín koríko, ni wọ́n ń sín jẹ.

Etí ni wọ́n fi ń jó o, kì í ṣe ojú. Oníjó tó bá ń wo ilẹ̀ ti pẹ́ kó tó gbẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ ọ fi máa ń fa ìlà méjì sílẹ̀, tàbí kí wọ́n na okùn, títí kíkà náà yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Àwọn tó ń lu ọparun gan-an ni onílù: bí wọ́n bá sáré ju àwọn onígìtá lọ, kókósẹ̀ oníjó ni yóò jìyà rẹ̀.

Lábúlé, èrò a máa pagbo yí oníjó ká. Lórí ìtàgé, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ojú wà. Olùtò ijó á wá yí ọparun kí ẹsẹ̀ lè hàn, á sọ oníjó méjì di mẹ́jọ, á gé ibi tí wọ́n ń tún jó léraléra kúrò, á sì mú orin yára níparí, nítorí ibẹ̀ ni àtẹ́wọ́ wà.

Francisca Reyes Aquino ló kọ́kọ́ rin abúlé dé abúlé láti àwọn ọdún 1920 lọ, tó ń kọ ìgbésẹ̀ àti orin wọn sílẹ̀. Ohun tó kó jọ ni àwọn ilé ìwé fi ń kọ́ ọmọ. Ní 1957 ni ẹgbẹ́ oníjó Bayanihan bẹ̀rẹ̀ ní Philippine Women's University ní Manila. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń jó ní ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels. Lucrecia Reyes Urtula ló ń to ijó wọn. Wọ́n pín in sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: ti àwọn ará òkè Cordillera, ti aláṣọ Sípéènì, ti Mùsùlùmí gúúsù, ti àgbẹ̀, kí èrò lè rí orílẹ̀-èdè náà tán láàárín alẹ́ kan.

Ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ ti ń wá. Singkil jẹ́ ijó àwọn Maranao, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní gúúsù, ní etí adágún Lanao. Obìnrin ló ń jó o, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, tó ń gba àárín ọparun tí wọ́n dábùú ara wọn kọjá, tí ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Lórí ìtàgé, ọmọ ọba ọkùnrin ti wọ inú rẹ̀, ọparun ti pọ̀, eré ti pọ̀. Wọ́n tún kó o sábẹ́ "ijó Mùsùlùmí", bẹ́ẹ̀ inú Darangen ni ìtàn rẹ̀ ti wá, ewì akọni tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà kí Ìsìláàmù tó dé ibẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ Maranao kò dùn sí i, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ramon Obusan, olùtò ijó tó dá ẹgbẹ́ oníjó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1972, gba ọ̀nà mìíràn: bí wọ́n ṣe ń jó o lábúlé ló fẹ́ kí wọ́n jó o, ìbáà falẹ̀.

Àmọ́ ìtàgé náà ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú pandanggo sa ilaw ti Mindoro, àtùpà mẹ́ta ni oníjó ń gbé, ọ̀kan lórí, méjì lẹ́yìn ọwọ́. Wọ́n á pa gbogbo iná gbọ̀ngàn. Níbi tí wọn kò bá gba iná gidi láyè, ti bátìrì ni wọ́n ń lò. Èrò kì í rí ojú oníjó mọ́, iná kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n ń rí, tó ń yí po nínú òkùnkùn.